Àwọn Wo Ló Ṣe Ìwádìí Náà?

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kejì

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde lónìí. Ẹ̀ka wa ń wá olùkọ́ kan, ẹyọ kan péré, tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ètò ọrọ̀-ajé. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni mo ní. Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mo ti ń bá àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yìí ṣiṣẹ́ ìwádìí láti ìgbà tí ọmọ mi ò tíì fẹsẹ̀ rìn, ìwé ìdánwò tí mo sì ti bá wọn máàkì, bí wọ́n bá kó o jọ, yóò kún yàrá. Síbẹ̀ mi ò mú bírò jáde láti dà á kọ.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà ń kọjá lọ, ó bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé àbúrò rẹ ọkùnrin lo ń bá wáṣẹ́ ni?" Kò fi ṣe ìkà, ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò sì ní àbúrò ọkùnrin kankan. Mo ń rò ó délé, kí ló wá mú mi purọ́ mọ́ ara mi?

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kejì

Ooru mú bí ohun tó ń gbẹ̀san. Mo sọ fún bàbá ọmọ mi nígbà tó dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu irun kúrò lára ẹ̀rọ tó fi ń gẹrun. Ó ní, "Dókítà, ṣé o ti kọ̀wé sí wọn?" Mo ní rárá. Ó ní kí ló ń dá mi dúró.

Mo ní, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde láàárín èrò, tó béèrè ohun tí mi ò mọ̀ ńkọ́?

Ó ní, "Àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ wọn báyìí, ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n mọ̀ ni?"

Mo ní rárá o, mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀ dáadáa, èmi ni mo máa ń bá wọn wá a. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn: kí n dúró síwájú, kí ẹnì kan béèrè, kí n ya odi, kí wọ́n sì sọ pé ṣebí a ti sọ bẹ́ẹ̀. Òpin oṣù yìí ni wọn ò ní gba ìwé mọ́.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kejì

Màmá Ṣọ́ọ̀kì ránṣẹ́ pè wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, àwọn nìkan sì ni obìnrin tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka wa. Torí ṣọ́ọ̀kì tí kì í kúrò ní apá aṣọ wọn la ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn wọn ni o. A jẹ́ obìnrin mẹ́ta tí wọ́n pè sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé: èmi, Báńkà àti Àbúrò. Báńkà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gboyè, wà ní báńkì torí ó ti dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa fi òun ṣe olùkọ́. Àbúrò ṣì ń kọ ìwé oyè tirẹ̀ lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í dé ìkángun tábìlì.

Màmá Ṣọ́ọ̀kì ò fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin tó wà ní àjà àwọn olùkọ́ lókè, èmi nìkan ni mò ń lò ó láti ìgbà tí mo ti débí. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí n débẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n bá a pé ẹnì kan ti tìlẹ̀kùn mọ́rí."

Wọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú, tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹnì kan yóò dìde kọ́ni, àwọn tó kù yóò di akẹ́kọ̀ọ́ olórí kunkun, wọn yóò máa béèrè ìbéèrè kíbèérè.

Àbúrò nawọ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, mi ò rò pé èmi lè…"

"Ta lo ṣẹ̀?"

"Mà?"

"O ní kí n má bínú. Mo ń béèrè ohun tí o ṣe."

A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín ni tàbí ká sá. Nígbà tí a jáde, Báńkà ní òun ti ka iye ìgbà tí òun fúnra òun sọ "ẹ má bínú" kí òun tó wọ yàrá yẹn lónìí, òun sì dáwọ́ kíkà dúró nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti òun.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kejì

Búrẹ́dì ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún kéré sí i. Mo fọ ìgbọ̀nwọ́ aṣọ iléèwé ọmọ. Mo ṣí kọ̀ǹpútà láti kọ ìwé ìwáṣẹ́, mo kọ "Mo," mo wò ó, mo pa á rẹ́.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kejì

Èmi ló kàn láti kọ́ni. Ìwádìí mi lórí àwọn aránṣọ ni mo mú, torí kò sí ohun tí mo mọ̀ tó o láyé yìí. Mo dúró dáadáa, mo kọ àkọlé sára pátákó, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwọn aránṣọ. Wọ́n rí i pé tí òwú àti iná bá gbówó lórí, aránṣọ kì í tètè fi owó kún iye tó ń gbà. Wọ́n ṣàkíyèsí pé…"

Màmá Ṣọ́ọ̀kì nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àwọn wo ló ṣe ìwádìí náà?"

Mo ní, "Àwọn… àwọn tó ṣe é, mà."

"Ṣé wọ́n pọ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Ẹnì kan ni, mà."

"Kí lorúkọ ẹni náà?"

Báńkà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Háà!" Wọ́n gbá tábìlì. "Ara rẹ lo ń bọ̀wọ̀ fún báyìí? Wọ́n ṣe é, wọ́n rí i! Ó ku kí o jí láàárọ̀ kí o máa kí ara rẹ pé ẹ káàárọ̀, mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

A rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ ilé ìkàwé fi wá kanlẹ̀kùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n mo ń rìn lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni mo jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, tí etí àpótí náà ń gún mi nítan. Èmi ni mo gbọ́ tí wọ́n ń bá oníbàárà jà. Ó kàn jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ sọ "mo rí i" níwájú àgbà, ó máa ń dà bí ìgbéraga lẹ́nu mi, ni ẹnu mi bá yáa sá pa mọ́ sẹ́yìn àwọn ènìyàn tí kò sí.

Mo dúpẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹtì, 17 oṣù Kejì

Ìyá mi pè lórí fóònù. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n má fi ti yàrá ìbímọ dáhùn. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mo máa ń sọ fún obìnrin tó ń rọbí pé ó dà bíi pé, bóyá, ọmọ fẹ́ máa yọ? Tí orí bá ti yọ, orí ti yọ nìyẹn! Mo máa ń sọ ọ́ ni." Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n máa fi sùúrù sọ ọ́ o, ọmọ mi. Kí wọ́n má baà ní a ò kọ́ ẹ nílé."

Ìyá mi nìyẹn. Wọ́n tì mí síwájú, wọ́n tún di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kejì

Ọ̀rọ̀ náà ti di eré nínú ilé. Tí mo bá ti sọ "wọ́n" nípa ara mi, ọmọ mi yóò pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ṣí ìkòkò, ó bojú wo inú rẹ̀, ó ní, "Ta ló jẹ ẹran tó kù níbí?" Kí n tó yanu, òun fúnra rẹ̀ dáhùn pé, "Wọ́n ti jẹ ẹ́."

Mo ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kejì

Báńkà kọ́ wa lónìí. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé ọ̀wọ́n gógó títí Àbúrò fi gbàgbé pé òun ni òun gbọ́dọ̀ dà á láàmú. Mo pàtẹ́wọ́, mo sì jowú rẹ̀ díẹ̀.

Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé òun náà máa kọ̀wé fún iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ kan péré. A rìn kọjá gáréèjì, kọjá ilé ìfọṣọ.

Ó ní, "Ṣé o bínú?"

Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni nígbà tí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé oríta tó ti máa yà, tó ń ka gbogbo àṣìṣe tó rò pé òun ṣe nínú ẹ̀kọ́ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń sọ fún un pé rárá, ìyẹn dára, ìyẹn náà dára, ó ti di òótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kejì

Mo ti fi ìwé ìwáṣẹ́ náà ránṣẹ́. "Mo" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti lọ.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹta

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀. Àbúrò dìde láti kọ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú. Ni òjò bá dé. Òjò ńlá, lórí páànù yàrá yẹn! A ò gbọ́ ohunkóhun. Báńkà ń pariwo pé, "A ò gbọ́ o, tíṣà!" Àbúrò gbé ohùn sókè. A ní a ò tíì gbọ́. Ó tún gbé e sókè. Nígbà tó ṣe, ó ń ké bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó ti fẹ́ fi í sílẹ̀, ó ń sọ bí owó-orí ṣe ń ká ọjà lọ́wọ́ kò, ó ń na ọwọ́, ó ń fi ọwọ́ gbá pátákó.

Òjò dá. Kò mọ̀. Ó ń bá ariwo rẹ̀ lọ nínú ìdákẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá, àwa mẹ́ta sì jókòó, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un. Màmá Ṣọ́ọ̀kì yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún. Ẹni tó bá ń wá ohun tó fi máa dúpẹ́ ní ọdún yìí, èmi ti rí tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹta

Wọ́n ti pe èmi àti Báńkà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀la ni. Màmá Ṣọ́ọ̀kì ti ní àwọn ò ní jókòó síbẹ̀, torí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ àwọn ni wọ́n gbà. Gìgísẹ̀ bàtà mi já lójú ọ̀nà ọjà lónìí. Báńkà gbọ́, ó gbé bàtà dúdú tirẹ̀ wá bá mi nílé. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ó ní òun ní òmíràn, àti pé tí òun bá máa borí mi, òun ò fẹ́ kó jẹ́ torí bàtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹta

Mo ti jẹun, mo ti wẹ̀, àyà mi ti rọlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Alága ìgbìmọ̀ ni olùkọ́ tó kọ́ mi ní ọdún kìíní mi, baba arúgbó tí mi ò tíì rí kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jiyàn rí. Onígíláàsì kan jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, akọ̀wé ẹ̀ka sì wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n.

Mo mú àwọn aránṣọ. Ó ń lọ dáadáa. Ó ń lọ dáadáa débi pé mo gbàgbé ara mi, ni ẹnu mi bá padà síbi tó mọ̀. Mo ní, "Wọ́n rí i pé aránṣọ kì í fi owó kún un." Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, kò sì sí bí mo ṣe lè gbé e padà.

Alága mi orí. Wọ́n ní, "Dúró ná. Àwọn tó ṣe ìwádìí yìí, mo rò pé wọn ò fara balẹ̀. Bí ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ bá gbówó lórí, iṣẹ́ náà á gbówó lórí. Àwọn aránṣọ yẹn purọ́ fún wọn ni, wọ́n sì gbà á gbọ́. Àbí kí ni ìwọ rò sí i?"

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu. Kí n kàn sọ pé, "Òótọ́ lẹ sọ, sà, wọn ò fara balẹ̀." Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Inú baba á dùn, èmi náà á dà bí ọlọ́gbọ́n tó mọ àléébù àwọn ẹlòmíràn. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: mo rò ó. Ẹnu mi tiẹ̀ ti ṣí, "Ẹ má" ti jáde. Mo gbé ìyókù mì.

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Kí ni ìwọ?"

"Èmi ni mo ṣe ìwádìí náà. Kò sí àwọn kankan. Mo jókòó ti àwọn aránṣọ, mo rí ohun tí mo rí kí n tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹ sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, sà."

Mo wá ṣàlàyé. Mo ní iye tí aránṣọ ń pè lẹ́nu kì í kúrò níbi tó wà, torí kò fẹ́ kí oníbàárà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó ń kún ni ìdúró. Á gba iṣẹ́ púpọ̀ sí i kó tó lè rí owó òwú, á ní kí o padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹtì á di Ẹtì mìíràn. Mo ní, "Oníbàárà ń san àfikún náà, sà. Kì í kàn ṣe owó ló fi ń san án ni."

Onígíláàsì yí padà lórí àga. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ṣòkòtò mi tó ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ láti oṣù Kejìlá, mo ti ń sanwó lórí rẹ̀ láti ìgbà náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ti san púpọ̀."

Òun àti akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n ní mo lè máa lọ. Mo kí wọn, mo jáde, mo rí Báńkà lórí bẹ́ǹṣì níta, mo fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Mi ò tíì lè sọ bóyá mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Màmá Ṣọ́ọ̀kì pé mo ta ko alága ìgbìmọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, "Ṣé o fi ìwọ̀sí kún un?" Mo ní rárá, mà. "Ṣé òótọ́ ni ohun tí o sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Àbúrò, dìde, ìwọ ló kàn."

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kẹta

Kò sí ìròyìn. Òróró ìdáná wọ́n. Bàbá ọmọ mi ti ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù láti lọ mú ọmọ wá láti iléèwé kí n lè máa múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí mi ò tíì rí gbà. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹrin

Alága pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n ní, "Wọ́n ti gbà ẹ́."

Mo fẹ́ béèrè pé àwọn wo, sà. Mo di ẹnu mi mú. Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó yíjú padà. "Ọ̀rọ̀ àwọn aránṣọ yẹn, mi ò tíì gbà fún ẹ tán o. Wá sí ọ́fíìsì mi ká jọ jiyàn rẹ̀ dáadáa." Wọ́n sì lọ.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Báńkà ni mo kọ́kọ́ pè, torí kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tó ń fa imú lórí fóònù. Ó wá pariwo tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó ní, "Ó dùn mí o, mi ò ní tàn ẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá tún wá ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún kọ̀wé. Ìwọ náà á sì ti wà nínú ilé. Má ṣojúsàájú fún mi o!" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣojúsàájú díẹ̀."

Olúwa, o ṣeun fún irú ọ̀rẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹrin

Kíláàsì àkọ́kọ́. Gbọ̀ngàn náà kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn jókòó sórí fèrèsé. Mo kọ́ wọn ní ohun tí iye owó jẹ́, mo sọ ti àwọn aránṣọ, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ máa kó ìwé mi jọ nígbà tí ọmọbìnrin kan dìde láàárín èrò, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

Ó ní, "Mà, tí oníbàárà bá ń fi ìdúró sanwó, ta ló ń gba owó yẹn?"

Mo wá èsì kiri orí mi. Mo mọ ohun tí ìwé sọ: pé kò sẹ́ni tó ń gbà á, ó kàn ń ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀ pé ìwé lè má mọ àwọn aránṣọ mi. Mo wo ojú gbogbo àwọn tó ń wò mí.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Mo dúró. Àjà ò já lé mi lórí. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ìbéèrè rẹ̀ gàdàgbà sí àárín pátákó, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.

Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà." Kò jókòó. Ó ní, "Ṣé èmi lè bá yín wá a?"